Ohun Ìṣeré Mẹ́ta tí Mo Rà ní Ìjẹ̀bú-Òde fún Ọmọ Ọdún Méje

Ní gbogbo Iléyá ni àwọn ọmọ mi máa ń kó àwọn ọmọ wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọn kì í sì í padà sí Èkó àti Ìbàdàn títí a ó fi ṣe Ojúde Ọba tán ní ọjọ́ kẹta ọdún. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi ti pé ọdún 7 báyìí, ó wà ní kíláàsì kejì nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe lọ sí ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Òkè-Ajé láti ra ẹ̀bùn fún un. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ kéékèèké ni mo sì kọ́ jù.

Ìsọ̀ náà kò tóbi, àmọ́ ìyá tó ni ín mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò bi mí pé èló ni mo mú wá. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Mọ́mì, ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé àwọn àbúrò wà nílé?” Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta ohun ìṣeré kì í bèèrè ìbéèrè kejì yẹn, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù nínú ilé tó kún bíi tiwa, nítorí ohun tí ọmọ kan ṣoṣo lè dì mú ni yóò dá ìjà sílẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó sì gbà kí n tú gbogbo páálí wò kí n tó sanwó.

Lúdò ni mo kọ́kọ́ mú, ₦4,500. Mo yan èyí tí kò ní gíláàsì lójú, nítorí àwọn ọmọ máa ń jókòó lé nǹkan. Mo gbé dáìsì rẹ̀ sọ́wọ́, mo yí i wò: 6 wà ní òdì kejì 1, 5 wà ní òdì kejì 2, 4 wà ní òdì kejì 3, bó ṣe yẹ kí dáìsì gidi rí. N kò sọ fún ọmọ náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń dúró de ẹni tí kò rí 6 ta kó lè jáde, ni mo gbọ́ tó pariwo pé, “Màmá àgbà, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú iwájú, méje ni!” Inú mi dùn gan-an. Ọmọ mẹ́rin ló lè ta á lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì tó fún ilé wa.

Ọpọ́n ayò ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀, ₦11,000, igi gidi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Mo ti ìka bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan, mo rí ọ̀kan tí ẹ̀gún igi wà nínú rẹ̀, èyí tí mo fi pépà tí àwọn káfíńtà fi ń dán igi ra kúrò nígbà tí mo délé. Mo tún ka ọmọ ayò inú àpò, 46 ni mo bá. Ìyá náà fi 2 kún un láìjiyàn, nítorí 48 ló gbọ́dọ̀ pé, ihò 6 lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọmọ ayò ìkẹyìn ọwọ́ rẹ̀ bá sọ ihò ẹnìkejì di 2 tàbí 3 ló máa jẹ ẹ́, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ ka ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò parí sí kó tó kó ohunkóhun nílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ìka ló fi ń kan ihò kọ̀ọ̀kan, tí ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ojú lásán ló fi ń kà á, ó sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ pàdánù ọmọ ayò 5 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí mo ti ṣìnà. Fóònù onírọ́bà tó ń kọrin ni, àwọ̀ rẹ̀ ló fà mí. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọmọ náà ti tẹ gbogbo rẹ̀ tán, orin 5 ni, kò sí ohun tó kù tó lè fi ṣe. Èyí tó já mi láyà ni ìdérí bátìrì rẹ̀, tí kò ní ìdè kankan, tí mo fi èékánná ṣí. Bátìrì 3 ló wà níbẹ̀, pẹlẹbẹ bí ẹyọ owó. Bí ọmọ bá gbé irú bátìrì yìí mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ẹran ibẹ̀ láàárín wákàtí 2, kódà bí agbára rẹ̀ kò bá tó láti kọrin mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má ṣe fún un ní òkèlè ẹ̀bà gbé mì pé kó lè tì í sọ̀ kalẹ̀. Mo dá fóònù náà padà ní ọjọ́ kejì. Ìyá náà kò dá owó padà, àmọ́ ó gbà kí n fi pààrọ̀ bíríkì onírọ́bà tí wọ́n ń tò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ta ìyókù fún ilé tí ọmọ kékeré wà. Ó dákẹ́, n kò sì mọ ohun tó fi wọ́n ṣe.

Bíríkì náà dára. Mo so 6 pọ̀, mo mì í, kò já. Lára páálí rẹ̀ ni àmì kan tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń ṣì kà wà: ojú ọmọdé nínú òbìrípo pupa tí ìlà dá kọjá, tí wọ́n kọ 0-3 sí. Kì í ṣe pé ọmọ ọdún 0 sí 3 ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tó ń sọ ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kò gbọdọ̀ fi ṣeré, nítorí èyí tó kéré nínú rẹ̀ lè há a lọ́fun. Fún ohun tí kò ní àmì, bí ọmọ ayò, ẹ mú páálí róbótó tí wọ́n ká tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ gbé e jìnnà sí ọmọ ọwọ́.

Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ wà nílé wa, nítorí náà mo fi kíka ọmọ ayò lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ ní alaalẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Ojúde Ọba, ó kà á, ó dé 47, ó tún un kà, 47 náà ni. Kò sẹ́ni tó sùn nínú wa títí a fi ká ẹní, tí a sì rí i lẹ́bàá ògiri.