Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá: kàádì abẹ́rẹ́ tí ọkùnrin ọlọ́kadà yẹn ń fún yín, ayédèrú ni

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá Ìkìrun, Ìràgbìjí, títí dé Òṣogbo, tẹ́ ẹ bá ń sin ajá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, ó gùn díẹ̀ àmọ́ mi ò lè gé e kúrú. Ọkùnrin kan wà tó ń gun ọ̀kadà kiri, ó ń ta ọmọ ajá, ó tún ń gún ajá lábẹ́rẹ́ láti ojúlé dé ojúlé, dókítà ló ń pe ara ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mi ò fẹ́ kọ́rọ̀ di ti kóòtù, ẹni tó bá ti bá a ṣe rí á ti mọ ẹni tí mò ń bá wí. Omi ló ń gún sára àwọn ajá wa. Omi àbí fítámì, èmi ò mọ̀, mo ṣá ti mọ̀ pé kì í ṣe àjẹsára.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Lóṣù tó kọjá mo ra ọmọ ajá kan lọ́wọ́ ẹ̀, ₦85,000, torí ọmọ mi obìnrin ti ń yọ mí lẹ́nu láti ìgbà tó ti ṣèdánwò pé ajá onírun lòun fẹ́. Ó ní ẹ̀yà Lhasa ni, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló wà, ó ti gbabẹ́rẹ́ méjì, kàádì ẹ̀ rèé. Kàádì náà dùn ún wò o, àwòrán ajá wà lẹ́yìn ẹ̀, sítíkà wà nínú ẹ̀, sítáǹpù wà níbẹ̀. Kí ni mo tún ń wá? Mo sanwó, mo gbé e wálé, ọmọ mi sọ ọ́ ní Bísíkíìtì.

Ọjọ́ kẹrin, Bísíkíìtì ò jẹun. Mo ní àárò ìyá ẹ̀ ló ń ṣe é. Kó tó dalẹ́ ó ti ń bì, nǹkan yẹ́lò tó ń hó ló ń bì, nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́ ìgbẹ́ ẹ̀ ti di ẹ̀jẹ̀, òórùn ẹ̀ wá yàtọ̀, ẹni tó bá gbóòórùn yẹn lẹ́ẹ̀kan ò lè gbàgbé ẹ̀ mọ́. Mo pe ọkùnrin yìí, ó ní “ọ̀gá mi, aràn ni, ẹ lọ Flagyl, ẹ pò ó mọ́ epo pupa, ẹ rọ ọ́ fún un.” Mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ o! Mo rọ epo sẹ́nu ọmọ ajá tó ń bì. Ìgbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kejì kò gbé e, ìgbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta fóònù ẹ̀ ti kú.

La bá gbé ajá lọ sí kílíníìkì ẹran ti ìlú wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀, yàrá méjì péré ni, bẹ́ǹṣì gígùn kan níwájú tí ewúrẹ́, adìyẹ àtèèyàn jọ ń gbatẹ́gùn sí. Dókítà ò tíì fọwọ́ kàn án tí wọ́n fi ní “parvo lèyí,” àrùn tó máa ń mú ọmọ ajá bì, tó sì ń mú un ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní òórùn ẹ̀ ló sọ fáwọn. Wọ́n bá mi wí dáadáa lórí epo pupa yẹn, wọ́n ní ajá tó ń bì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn gan-an sì lè pa á kí parvo tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní kò sóògùn tó ń pa kòkòrò àrùn yẹn, dírìpù ni wọ́n máa fi gbé e ró, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró, kí ara ẹ̀ lè ráyè jà. Ó gbìyànjú fún ọjọ́ méjì. Ìdájí ọjọ́ Tọ́sìdeè ló kú, ọmọ mi ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí dọjọ́ Sọ́ńdè.

Nígbà tí mo lọ san balance ni dókítà ní kí n mú kàádì ẹ̀ wá káwọn wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ò dùn yẹn. Wọ́n ní láti ìgbà táwọn ti ya ẹnu ajá yẹn làwọn ti mọ̀ pé irọ́ wà níbẹ̀, eyín ẹ̀yìn ẹ̀ ò tíì pé, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló tó, bó bá pọ̀ jù mẹ́fà. Wọ́n wá ka déètì abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ padà fún mi, ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn ni. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Wọ́n ti gún Bísíkíìtì lábẹ́rẹ́ kí ìyá ẹ̀ tó bí i! Abẹ́rẹ́ kejì, ti dìgbòlugi ni wọ́n kọ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ajá kì í gba ìyẹn kó tó pé nǹkan bí oṣù mẹ́ta.

Ìyẹn nìkan kọ́. Dókítà ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n kó kàádì mẹ́ta míì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tí ajá wọn náà kú jáde. Ọwọ́ ọkùnrin kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti wá, nọ́ńbà kan náà ló wà lára gbogbo sítíkà wọn, ó ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀ ni. Mo bá rántí pé èmi náà ní kàádì ẹ̀ míì nílé.

Ibí lọ̀rọ̀ ti wá kúrò lọ́rọ̀ owó o. Mo ní ajá kan tẹ́lẹ̀, Jack, ekuke ni, ó ti tó ọdún mẹ́rin. Ọdún méjì ni ọkùnrin yìí ti ń wá gún Jack lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi nílé, ₦4,000 ló ń gbà, owó tí wọ́n ń gbà ní kílíníìkì ju ìyẹn dáadáa, mo sì ń rò pé mo gbọ́n. Lóṣù kẹfà, Jack gé ọmọ àdúgbò wa jẹ lójúgun nígbà tó wá mú bọ́ọ̀lù ẹ̀. Ìyá ọmọ sáré wọlé wá, èmi náà sáré mú kàádì, mo ní “ìyá Sọ̀dìq, ẹ fọkàn balẹ̀, ajá mi gbabẹ́rẹ́.” Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n fi spirit nù ún, ó parí. Bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn tó wá sí mi lọ́kàn, òtútù mú mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Dókítà ló fọkàn mi balẹ̀. Wọ́n ní tí ajá tó géèyàn jẹ bá pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe é, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó géni jẹ. Jack ṣì ń jẹ̀bà. Àmọ́ wọ́n ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé: omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ la máa fi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ká lọ ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, ká má sì pa ajá náà, ká so ó mọ́lẹ̀ ká máa wò ó. Torí tí dìgbòlugi bá ti bẹ̀rẹ̀ lára èèyàn, kò sí ìwòsàn. Mo lọ jẹ́wọ́ fún ìyá Sọ̀dìq. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ọmọ wọn ò wá gbá bọ́ọ̀lù níwájú ilé wa mọ́ ṣá.

Ohun tí ẹni tó bá máa gún ajá yín gbọ́dọ̀ ṣe rèé, bí dókítà ṣe fi hàn mí. Inú fíríìjì àbí kúlà tí yìnyín wà nínú ẹ̀ ni àjẹsára ń gbé. Ọkùnrin wa, àpò ṣòkòtò ló ti ń yọ síríńjì tó ti fa nǹkan sí látilé, mi ò sì bi í léèrè rí, ọ̀dẹ̀ ni mí. Ti parvo, ìgò kékeré méjì ló sábà máa ń jẹ́, ọ̀kan ní ìyẹ̀fun tó dì, ìkejì ní omi, ojú yín ni wọ́n á ti pò ó pọ̀. Sítíkà ara ìgò yẹn ni wọ́n máa ṣí lẹ sínú kàádì, ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀ àti ọjọ́ tó máa expire. Orúkọ dókítà àti nọ́ńbà tí Veterinary Council of Nigeria fún un yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe “DR.” àti nọ́ńbà fóònù. Parvo ò sì tán lẹ́ẹ̀kan o, láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí ajá á fi pé oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀yin tájá yín ti kú bíi tèmi, ẹ má tíì gbé òmíràn wálé. Kòkòrò yẹn lè wà nínú ilẹ̀ tó ọdún kan. Omi Hypo la fi fọ gbogbo sìmẹ́ǹtì, a sun ẹní ẹ̀.

Ọkùnrin náà ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Àbúrò mi rí status ẹ̀ lánàá, àwọn tí wọ́n jọ bí Bísíkíìtì ló ń tà, mẹ́ta ló kù, ó ti já wọn sí ₦60,000. Funfun ni wọ́n, etí òsì wọn dúdú. Tẹ́nikẹ́ni bá ti rà nínú wọn, kó gbé e lọ kílíníìkì lónìí, kó má dúró dìgbà tó bá kọ̀ láti jẹun.