Ọpọ́n ayò fún kíkọ́ ọmọdé ní ìṣirò: mẹ́ta tí mo rà ní Àbújá

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń fi ọpọ́n ayò kọ́ ọmọ mọ́kànlá ní ìṣirò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Kúbwá, ní Àbújá. Iṣẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń ṣe, ọmọ àwọn Yorùbá tí iṣẹ́ gbé wá sí àríwá sì ni àwọn ọmọ wọ̀nyí: Haúsá ni wọ́n fi ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré ládùúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kàwé, Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu òbí wọn kì í sì í kọjá ẹ̀wá bó bá di ọ̀rọ̀ oǹkà. Ọpọ́n mẹ́ta ni mo rà fún iṣẹ́ yìí, lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo fẹ́ sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí lọ́wọ́ ọmọdé, nítorí pé ọpọ́n tó dára fún àgbàlagbà tó ń ta ayò lábẹ́ igi lè má bá iṣẹ́ ẹ̀kọ́ mu.

Igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ ọpọ́n kìíní, tí mo rà ní 22,000 náírà. Kò ṣeé pa dé. Ó wúwo, ọmọ kékeré kò lè dá a gbé, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀, ìyẹn àwọn ihò tí ọmọ ayò ń wà, jìn, ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà fi ń wọ inú rẹ̀ láìfọwọ́ kan ti ilé kejì. Ọpọ́n kejì, tí mo rà ní 14,000 náírà, ló ń pa dé bí ìwé, irin kéékèèké méjì ló sì so abala rẹ̀ pọ̀. Ó rọrùn láti gbé, ọnà tí wọ́n fín sí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wuyì púpọ̀. Àmọ́ ilé rẹ̀ kò jìn rárá, irin kan sì ti yọ kí oṣù kejì tó pé. Ike ni ẹ̀kẹta, 6,500 náírà, bọ́ọ̀lù gíláàsì wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe ọmọ ayò tirẹ̀. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra èyí: gíláàsì náà ń yí, ó ń ta jáde nínú ilé, ọmọ tó yẹ kó máa ka iye tó wà níwájú rẹ̀ á wá máa wá èyí tó bọ́ sábẹ́ àga. Ọmọ ayò gidi, aláwọ̀ eérú tó le bí òkúta, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí a bá sọ ọ́ sí náà ló ń jókòó sí, ó sì ń dún bó ṣe ń bọ́ sínú igi, tó fi jẹ́ pé etí náà ń bá ọmọ kà á.

Ohun tó mú mi tẹnu mọ́ jíjìn ilé ni odù. Ilé tí ọmọ ayò inú rẹ̀ bá tó méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni à ń pè ní odù, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn láti máa kó o jọ. Nínú ọpọ́n kejì, bí ọmọ ayò bá ti kọjá mẹ́wàá, ṣe ni yóò máa ṣàn sínú ilé ẹlòmíràn, ìjà a sì bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú odù yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wà: bí a bá kó méjìlá, tí a sì ń sọ ọ́ sínú ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mọ́kànlá yóò yí gbogbo ilé yòókù ká, ìkejìlá yóò fo ilé tí a ti kó o, yóò sì bọ́ sí ilé tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tó bá ti lè sọ ibi tí ìkẹẹ̀ẹ́dógún yóò bọ́ sí kí ó tó fọwọ́ kàn án ti mọ ohun tí àṣẹ́kù jẹ́ nínú ìpín, bí kò tilẹ̀ tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ọpọ́n kejì ní àbùkù mìíràn, tó wá di ẹ̀kọ́ tó wúlò jù lọ láàárín oṣù mẹ́jọ náà. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣí i, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ló ń pín ọmọ ayò sínú ilé ní mẹ́rin-mẹ́rin. Nígbà tí ó dé ilé kejìlá, mẹ́ta péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká ẹní sókè, ó gbọn àpò aṣọ rẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ pín láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta náà ló tún kù. Mo ní kí wọ́n sọ iye tó yẹ kó wà nínú ilé méjìlá bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba mẹ́rin, wọ́n sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá, gbogbo wọn dákẹ́. Mo bu ọmọ ayò láti inú ọpọ́n kìíní kún un, mo kà á lójú wọn títí ó fi di àádọ́ta, mo wá ní kí ọmọ kan mú méjì kúrò níbẹ̀. Mo sọ fún wọn pé èyí tó kù ni méjìdínláàádọ́ta, nítorí pé méjì ló dín nínú àádọ́ta. Kí n tó béèrè ohunkóhun mìíràn, ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ti na ọwọ́ sí ọpọ́n, ó ní, “Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni tiwa, mà.” Òótọ́ ni: ọlọ́jà tó tà á fún mi kò kà á pé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tó sọ oǹkà Yorùbá di ìṣòro fún àwọn ọmọ wa ni pé a ń kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ orin, láìjẹ́ kí wọ́n rí àfikún àti àyọkúrò tó wà nínú orúkọ fúnra rẹ̀. Láti ọ̀kan dé mẹ́rin, à ń lé e lórí ẹ̀wá tó ṣáájú. Láti márùn-ún sókè, à ń dín in kúrò nínú ẹ̀wá tó ń bọ̀. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú méjì kúrò nínú àádọ́ta kò ní gbàgbé mọ́.

Nínú ìdíje gan-an, ìṣirò kì í dúró. Ilé mẹ́fà-mẹ́fà ni àwọn méjèèjì tó ń ta á ní, ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ ayò sì ń rìn níwájú ẹni, kí ó tó rékọjá sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tó sì sọ ohun inú rẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, a ti jẹ ẹ́. Mo rí ọmọ kan tó tẹjú mọ́ ilé karùn-ún rẹ̀, níbi tí ọmọ ayò mẹ́ta wà; ètè rẹ̀ ń mì, ìka rẹ̀ ń nà sí ilé kan tẹ̀ lé òmíràn láìfọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀kan yóò bọ́ sí ilé òun ìkẹfà, ọ̀kan sí ilé kìíní ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹyọ kan wà nínú rẹ̀, ọ̀kan sí ilé kejì tí méjì wà níbẹ̀. Ó ta á, ó jẹ mẹ́ta, ó sì jẹ méjì ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti rí márùn-ún náà kí ó tó gbé ọwọ́. Mo ti ń kọ́ ọmọ fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo sì mọ bó ti ṣòro tó láti mú kí ọmọ ọdún mẹ́jọ ronú ṣáájú kí ó tó dáhùn.

Gémù ìṣirò orí fóònù kò ṣe èyí fún àwọn ọmọ wa. Mo gbìyànjú ọ̀kan fún oṣù kan: ọmọ á tẹ ìdáhùn kan, bí kò bá gbà á, á tẹ òmíràn, títí tí ìràwọ̀ yóò fi jáde. Skrábù, eré fífi lẹ́tà to ọ̀rọ̀, dára púpọ̀, orílẹ̀-èdè wa sì lókìkí nínú rẹ̀ láti ìgbà tí Wellington Jighere ti gba ife àgbáyé ní Perth, ní Ọsirélíà, ní ọdún 2015. Ṣùgbọ́n ti Gẹ̀ẹ́sì tí à ń tà lọ́jà kò ní ẹ, ọ, tàbí ṣ. Ní ti ṣẹ́ẹ̀sì, iṣẹ́ tí Tunde Onakoya bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 láàárín àwọn ọmọ tálákà ní Èkó ti fi hàn gbogbo ayé ohun tí eré orí pátákó lè ṣe fún ọmọ. Bí mo bá ní ọwọ́ kún un, èmi náà ìbá kọ́ wọn.

Àìtó ọpọ́n ni ìṣòro tó tóbi jù, nítorí ẹni méjì péré ló ń ta á lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ Haúsá kan tó jẹ́ aládùúgbò wa ló ràn wá lọ́wọ́. Ó ti mọ dara, eré àwọn baba rẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ ihò rẹ̀ sínú iyanrìn ní ìlà márùn-ún, mẹ́fà-mẹ́fà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń fi nǹkan méjìlá wá bí mẹ́ta yóò ṣe tò lórí ìlà kan. Ó gbé kíréètì ẹyin láti ilé wọn, ó ní bí dara ṣe rí nìyí. Mo kà á: ihò ọgbọ̀n ni lóòótọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń gé kíréètì kan sí ọpọ́n ayò méjì, ìlà kan tó bá ṣẹ́kù ni a sì ń kó èyí tí a jẹ sí. Òkúta wẹ́wẹ́ ni a fi ń ta á. Bí olùkọ́ kan bá ní ọgbọ̀n ọmọ nínú kíláàsì tí kò sì ní owó, kíréètì mẹ́jọ tó o.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí òbí mọ̀ kí ó tó rà á. Kò sí ìwé òfin eré nínú èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà ọpọ́n náà kò wúlò fún ilé tí kò sí àgbà tí yóò jókòó ti ọmọ. Èkejì ni orúkọ tí à ń pe ẹni tó pàdánù. Ọ̀ta ni ẹni tó borí, ọ̀pẹ̀ ni ẹni tí wọ́n borí, yẹ̀yẹ́ sì wà nínú rẹ̀ láti ilẹ̀; ọmọ kan sunkún nítorí rẹ̀, kò sì wá ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ní báyìí, ẹni tó bá jẹ́ ọ̀ta ló gbọ́dọ̀ fi ibi tí ẹnìkejì ti ṣàṣìṣe hàn án, kí wọ́n sì tún un ta láti ibẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mò ń rà á lónìí, ọpọ́n onígi kan ṣoṣo tó jìn ni n óò yàn, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀. Mo ti padà lọ ra òmíràn bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo mú ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn lọ́jọ́sí dání, ó jókòó sórí àpótí níwájú ọlọ́jà, ó sì ń pín in sínú ilé ní mẹ́rin-mẹ́rin títí dé ilé kejìlá. Ó gbójú sókè, ó ní, “Méjìdínláàádọ́ta ni, mà. Ó pé.” Mo sanwó.