Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́ kóòdù l'Ábújá: ThinkPad T480, EliteBook 840 G5 àbí MacBook Air M1?

Kí ẹsẹ̀ yín tó wọ Banex Plaza ní Wuse 2 tán, ẹnìkan á ti bi yín pé kí lẹ̀ ń wá. Tí ẹ bá sọ pé láptọ́ọ̀pù tí ẹ máa fi kọ́ kóòdù ni, èyí tó ní sítíkà i7, orúkọ pírósẹ́sọ̀ Intel tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú yín. Ẹ má jẹ́ kí sítíkà gba owó yín. Core méjì péré, ìyẹn apá tó ń ṣe iṣẹ́ nínú pírósẹ́sọ̀, ló wà nínú i7-7500U. Core mẹ́rin ló wà nínú i5-8250U, ó sì máa ń fi i7 yẹn sẹ́yìn tí iṣẹ́ bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé ìlà kékeré àárín yẹn ni kí ẹ kà: 7 ni ìran keje, 8 ni ìran kẹjọ, èyí tí ọjà ń pè ní 8th gen. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, Windows 11 kì í gba ìran keje, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti parí àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10 láti 14 October 2025. Ìdí nìyẹn tí a kò fi mú Intel kankan tó kéré sí ìran kẹjọ wá síbí.

Mẹ́ta ló wá kù: Lenovo ThinkPad T480 àti HP EliteBook 840 G5, tí àwọn méjèèjì jáde lọ́dún 2018, àti MacBook Air M1 tó jáde ní November 2020. Láptọ́ọ̀pù Celeron (pírósẹ́sọ̀ Intel tí kò lágbára) tuntun inú páálí ńkọ́, èyí tó ní RAM 4GB àti eMMC 64GB, ibi ìpamọ́ tó lọ́ra? Páálí rẹ̀ dára. Tí ẹ bá ti ṣí Chrome àti VS Code, áàpù tí wọ́n ti ń kọ kóòdù, pa pọ̀ lórí rẹ̀, ẹ lè lọ pọn omi kó tó dáhùn.

RAM

RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. 8GB tó fún Python, JavaScript, VS Code àti ojú Chrome bíi mẹ́wàá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe áàpù Android gbọ́dọ̀ ní 16GB: Android Studio tí wọ́n fi ń ṣe é á ṣí lórí 8GB, àmọ́ tí ẹ bá tan fóònù inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń dán áàpù wò, gbogbo nǹkan á máa wọ́ nílẹ̀. Docker, tí wọ́n fi ń tan áàpù sínú àpótí tirẹ̀, náà kò fẹ́ràn 8GB.

Ibí yìí ni T480 àti 840 G5 ti na M1 pátápátá. Ihò RAM méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, DDR4 lásán, irú RAM tó wọ́pọ̀, ni wọ́n ń lò, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á sì pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15. Wọ́n ti jó RAM M1 mọ́ra láti ilé iṣẹ́. Iye tí ẹ bá rà á ni iye tó máa jẹ́ títí ayé. SSD rẹ̀, ibi tí fáìlì ń gbé, náà kò ṣeé yọ.

Ẹ ṣọ́ra fún T480s. Ẹni tó ń tà á máa sọ pé ọ̀kan náà ni, pé èyí kàn fúyẹ́ díẹ̀ ni. Lóòótọ́ ló fúyẹ́, àmọ́ wọ́n ti jó RAM kan mọ́ ọn, ihò kan ṣoṣo ló kù, kò sì ní bátìrì tó ń yọ láti ẹ̀yìn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ Memory. Ẹ máa rí "Slots used". Tí 8GB bá wà níbẹ̀, tó sì kọ 1 of 2, ìyẹn ló dára: ẹ̀yin á kàn ra 8GB kan sí i lọ́jọ́ iwájú. Tó bá jẹ́ 2 of 2, 4GB méjì ni wọ́n fi pa pọ̀, ẹ sì máa yọ méjèèjì dànù lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é ní 16GB. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún yín lójú ẹsẹ̀. Nínú ìdúnàádúrà, kò ṣòro.

Bátìrì, níbi tí iná ti ń lọ

Ẹni tó wà lórí Band A ń retí iná wákàtí 20 lójúmọ́. Ẹni tó wà ní Mararaba tàbí ẹ̀yìn Lugbe mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Bátìrì méjì ló wà nínú T480: ti inú, 24Wh (Wh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà), àti ti ẹ̀yìn tó ń yọ, tó lè jẹ́ 24, 48 tàbí 72Wh. Tí ti inú bá ṣì lágbára, ẹ lè yọ ti ẹ̀yìn kí ẹ ki òmíràn bọ̀ ọ́ láìpa kọ̀ǹpútà. 72Wh máa ń yọ gọ̀ǹgọ̀ sísàlẹ̀, á gbé ìdí láptọ́ọ̀pù sókè díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Bátìrì kan ṣoṣo, nǹkan bíi 50Wh, ló wà nínú 840 G5, ẹ sì gbọ́dọ̀ tú nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀ kí ẹ tó rí i. M1 náà kò ju 49.9Wh lọ, àmọ́ kì í jẹ iná: ẹni tó ń kọ kóòdù lásán lè fi ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ láì ki í bọ iná. Nínú ọ̀rọ̀ iná nìkan, òun ni ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n tòkúnbọ̀ ni gbogbo wọn, bátìrì tó ti gbó kò sì ní sọ fún yín. Lórí Windows, ẹ ṣí cmd, ẹ kọ `powercfg /batteryreport`, kí ẹ ṣí fáìlì tó bá jáde. Ẹ fi Full Charge Capacity wé Design Capacity. Tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 12,000 mWh, tí èkejì jẹ́ 24,000, ìdajì bátìrì ti lọ. Bátìrì méjì ni T480 máa tò síbẹ̀, ẹ ka méjèèjì. Ti inú ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Tó bá ti wà nísàlẹ̀ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Lórí Mac, ẹ di Option mú, ẹ tẹ àmì Apple lókè, ẹ wọ System Information, kí ẹ wo Cycle Count, iye ìgbà tí bátìrì ti lo iná odindi kan, lábẹ́ Power. 1000 ni Apple ṣe bátìrì rẹ̀ fún.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gba iná láti USB-C. Pawa báńkì fóònù lásán kò lè gbé T480 tàbí 840 G5. Èyí tó bá ní PD (Power Delivery, ọ̀nà tí USB-C fi ń gbé iná tó pọ̀), tó sì lè yọ 65W, ni kí ẹ rà. 30W tó M1. Lórí T480, ẹ ki ṣájà bọ ihò USB-C méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì: fọ́mùwíà Thunderbolt àtijọ́, ìyẹn ètò tó ń darí ihò náà, lè sọ ọ̀kan di òkú. Lenovo ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde, ẹ fi sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé.

Kíbọ́ọ̀dù: ohun tí ọ̀pọ̀ kì í wò

Tòkúnbọ̀ láti Ìlú Ọba ní bọ́tìnnì Enter gíga, àmì £ sì wà lórí 3. Lórí rẹ̀, Shift àti 2 ń fún yín ní ", @ sì wà nítòsí Enter, ti Amẹ́ríkà yí méjèèjì padà. Ẹ lè bá ọ̀kan nínú wọn lò, ẹ ṣáà jẹ́ kí Windows mọ èyí tí ẹ rà. Èyí tí kò bára dé ni ti Jámánì: Z àti Y ti pààrọ̀ ipò, kí ẹ tó rí { tàbí [ ẹ máa di AltGr mú, bẹ́ẹ̀ àmì wọ̀nyẹn ni oúnjẹ òòjọ́ ẹni tó ń kọ JavaScript. Àwọn kan máa ń lẹ sítíkà mọ́ ọn lórí. Ẹ fi èékánná ha igun bọ́tìnnì Z. Tí nǹkan bá ṣí, ẹ ti mọ̀. Kíbọ́ọ̀dù T480 ni ó dùn ún tẹ̀ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti HP tẹ̀lé e.

Ooru àti eruku

Oṣù kẹta l'Ábújá kì í ṣe eré, eruku ọ̀yẹ́ Kano àti Kaduna sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fáànù wà nínú T480 àti 840 G5. Eruku á dí ihò rẹ̀, ooru á há, kọ̀ǹpútà á wá dín iyára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Ẹ máa fẹ́ eruku yẹn dànù lẹ́yìn ọ̀yẹ́. M1 kò ní fáànù rárá, torí náà eruku kò rí ibi wọ̀, àmọ́ nínú yàrá gbígbóná, iṣẹ́ gígùn máa ń mú òun náà fà.

Kọ́kọ́rọ́ tó fara sin

Kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú tòkúnbọ̀, ibí yìí sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Bí T480 bá ṣe ń tan, ẹ tẹ F1. Lórí HP, F10. Tó bá bèèrè páswọ́ọ̀dù kó tó jẹ́ kí ẹ wọ BIOS, ètò tó ń ṣáájú Windows tan, ẹ dá a padà. "A máa yọ ọ́ fún yín lọ́la" kì í ṣe ìdáhùn.

Ti Mac le jù. Tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá ti tì í, Apple ló tọ́jú nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ ara wọn, nítorí náà pípa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ kò tú u sílẹ̀. Ohun tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọn kì í so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n bá ń ṣètò rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ náà má bàa yọjú. Ẹ ní kí wọ́n pa inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kí ẹ fi hotspot fóònù yín ṣètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí "Remote Management" tàbí "Activation Lock" bá yọjú, ẹ dìde.

Èwo ni kí ẹ mú?

Tí áàpù iPhone bá wà lọ́kàn yín, kò sí àríyànjiyàn, torí Xcode tí wọ́n fi ń ṣe é kì í ṣiṣẹ́ lórí Windows: M1, 16GB tí apá bá ká a. Ẹni tí iná rẹ̀ burú gidi, tó sì ń kọ́ ìkànnì ṣíṣe nìkan, lè mú M1 8GB, kó sì mọ̀ pé kò sí àfikún lẹ́yìn rẹ̀.

Fún ẹni yòókù, T480 la máa kọ́kọ́ tọ́ka sí, nítorí bátìrì ẹ̀yìn yẹn. 840 G5 rẹwà jù ú lọ, ara rẹ̀ le. Tí ẹ bá rí èyí tó mọ́ ju T480 tó wà níwájú yín, ẹ gbé e. Owó tó bá yọ lórí M1, ẹ fi ra RAM àti dátà.

Tó bá ku ìdúnàádúrà pẹ̀lú Mállàm, "don Allah, a rage" ń ṣiṣẹ́ ju òyìnbó lọ. Ẹ rí i pé wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sórí rìsíìtì, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà.