Físà la fi ra ilé ní Bolton: oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ alágbàtà mọ́géèjì kan

Báńkì tí owó oṣù mi ń wọlé sí láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú ọba ni mo kọ́kọ́ tọ̀ lọ fún mọ́géèjì, ìyẹn owó tí báńkì ń yá èèyàn láti fi ra ilé. Ọkàn mi balẹ̀ pé wọ́n mọ̀ mí. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń rí owó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi lóṣooṣù, wọn ò sì rí i kí n jẹ gbèsè rí. Kò pé ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí mo kún fọ́ọ̀mù tán tí èsì fi dé: nítorí pé físà ni mo ń lò, tí mi ò tíì gba ìwé ìgbélùú títí láé tí gbogbo wa ń pè ní Indefinite, àfi kí a san ìdámẹ́rin owó ilé náà sílẹ̀ kí wọ́n tó lè yá wa ní ìyókù. £195,000 ni wọ́n ń pe ilé tí a ń wò. Ìdámẹ́rin rẹ̀ jẹ́ £48,750. Ọkọ mi wo iye náà títí, ó ní, "Ìyá Ìbejì, jẹ́ ká kúkú dúró de Indefinite."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi kọ èyí. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu báńkì kan ṣoṣo, tí a sì gbà pé òfin ni. Kì í ṣe òfin. Kò sí òfin kankan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní kí ẹni tó wà lórí físà má yá owó ra ilé. Báńkì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ìlànà tirẹ̀, ìlànà wọn sì yàtọ̀ síra gan-an. Alágbàtà tó mọ ìyàtọ̀ yẹn la lò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí, ibi tó ti dára àti ibi tó ti dùn mí.

A dé ní 2022, èmi lórí físà Health and Care Worker, ọkọ mi lórí físà ẹni tó bá aya rẹ̀ wá. 2027 la ń kà sí pé ọdún márùn-ún wa á pé. Ní oṣù karùn-ún 2025, ìjọba gbé ìwé jáde pé àwọn fẹ́ sọ ọdún márùn-ún di mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà tí mo ṣírò rẹ̀: 2032. Àwọn ìbejì tó jẹ́ ọmọ ọdún méje á ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Oṣù yẹn náà ni onílé wa fi £100 lé owó ilé, tó fi di £975. Èmi ni mo sọ fún ọkọ mi pé mi ò lè dúró mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́ọ̀dù ló fún mi ní nọ́ńbà alágbàtà náà. Kí n tó pè é, mo wá orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ FCA, àjọ tó ń mójú tó àwọn oníṣẹ́ owó níbí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí orúkọ àwọn tó ní àṣẹ iṣẹ́ yìí wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ìpè àkọ́kọ́ gba ogójì ìṣẹ́jú. Kí ó tó béèrè iye tí mò ń gbà, oṣù tó kù lórí físà mi ló kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ló béèrè ìgbà tí a dé, irú físà tí ọkọ mi ní, àti iye iṣẹ́ àfikún tí mò ń ṣe. Ó wá là á yé mi. Báńkì kan á ní kí oṣù mẹ́fà ṣì kù lórí físà, òmíràn á ní ọdún kan, òmíràn á ní méjì. Àwọn kan fẹ́ kí èèyàn ti gbé níbí fún ọdún méjì kó tó wá bá wọn. Owó bank shift, ìyẹn iṣẹ́ àfikún ilé ìwòsàn, tí àwa nọ́ọ̀sì ń fi ara gbà lóru, àwọn kan ò ní kà á rárá, àwọn kan á ka ìdajì. Báńkì tó béèrè ìdámẹ́rin lọ́wọ́ wa kò purọ́, ìlànà tiwọn nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun mọ báńkì tó ń gba ìdámẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni tó bá níṣẹ́ bíi tèmi. £19,500 dípò £48,750. Mo ní kó tún un sọ.

Ó kìlọ̀ fún mi kí n má kún fọ́ọ̀mù báńkì mìíràn fúnra mi. Ìbéèrè owó gidi máa ń fi àmì sílẹ̀ nínú fáìlì kírẹ́dítì ẹni lọ́dọ̀ Experian, Equifax àti TransUnion, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè, báńkì tó bá kàn á sì rí i.

Ó tún béèrè bóyá orúkọ wa wà nínú ìwé àwọn olùdìbò. Mo ní ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ó ní ìdí tí òun fi béèrè nìyẹn. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ń gbé níbí pẹ̀lú físà tí kò tíì parí lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò, àwọn báńkì sì máa ń fi ìwé yẹn mọ̀ pé ibi tí èèyàn ní òun ń gbé ló ń gbé lóòótọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni káńsù ti ń fi lẹ́tà ìforúkọsílẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sí wa, a rò pé kì í ṣe àwa ni wọ́n ń bá wí. A forúkọ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibi tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rí owó. Èmi rò pé bí owó bá ti wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Rárá o. Báńkì àti lọ́yà fẹ́ mọ ibi tí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ti wá.

Èyí tó rọrùn jù ni Lifetime ISA, àkáǹtì ìfowópamọ́ tí ìjọba ń fi owó kún. Mo ṣí i ní 2023. Kò béèrè Indefinite, kí èèyàn máa gbé níbí kó má sì tíì pé ogójì ọdún nígbà tó bá ń ṣí i ló ṣe pàtàkì. Bí o bá fi £4,000 sí i lọ́dún, ìjọba á fi £1,000 lé e, o sì lè fi ra ilé àkọ́kọ́ rẹ bí kò bá ti kọjá £450,000. Mo ṣe é fún ọdún méjì, ó di £10,000. Ọkọ mi ti lé ní ogójì kí a tó gbọ́ nípa rẹ̀. Bí o bá yọ ọ́ fún nǹkan mìíràn kó tó tó àkókò, wọ́n á gé ìdámẹ́rin, ìyẹn ni pé nínú owó tìrẹ gan-an á lọ sí i.

Owó àjọ ló fẹ́ dá wa dúró. Àwa nọ́ọ̀sì mẹ́wàá là ń dá £600 lóṣooṣù, èmi sì gba £6,000 ní oṣù karùn-ún. Nínú sítétímẹ́ǹtì mi, ohun tó hàn ni pé èèyàn mẹ́sàn-án tí kò bá mi tan fi owó ránṣẹ́ sí mi láàárín ọjọ́ méjì. Lójú báńkì, gbèsè ni, tàbí nǹkan tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí yìí ni alágbàtà náà ti gba owó rẹ̀ ní ẹ̀tọ́. Ó ní kí n ṣe àtòkọ oṣù kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó kó o, kí n mú sítétímẹ́ǹtì gbogbo oṣù tí èmi náà ti san tèmi jáde, kí olórí àjọ wa kọ lẹ́tà. Ó bá mi fi ọ̀rọ̀ tí òyìnbó á lóye ṣàlàyé ohun tí àjọ jẹ́. Wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé bí mo bá ti tètè wá, òun ì bá ní kí n kó àjọ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí owó náà ti jókòó sínú àkáǹtì fún oṣù mẹ́fà.

Màmá mi fẹ́ fi kún un. Nígbà tí mo pè wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà wọ́n. "Ọgbọ̀n ọdún nínú gbèsè? Bàbá rẹ kọ́ ilé yìí láìyá kọ́bọ̀." Òótọ́ ni. Ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi fi kọ́ ọ, búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, a sì wọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Mo ní, "Mọ́mì, bí mi ò bá jẹ báńkì, màá máa san £975 fún onílé lóṣooṣù, bí ọgbọ̀n ọdún bá pé, mi ò ní ní búlọ́ọ̀kù kan." Wọ́n dákẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní àwọn á ta ilẹ̀ kan. Alágbàtà náà ní kí wọ́n má tíì tà á. Báńkì tí òun mú kò fẹ́ ẹ̀bùn tó bá ti òkè òkun wá, lọ́yà á sì tún béèrè ìwé títà ilẹ̀, rìsíìtì, àti sítétímẹ́ǹtì màmá mi. Mo dúpẹ́ pé ilẹ̀ wọn ṣì wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ilé sílé, ẹ fetí sí èyí. Lọ́yà béèrè lọ́wọ́ àwa méjèèjì bóyá a ti ní ilé níbikíbi láyé rí. Kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń bi í o, ilé tí èèyàn jogún náà wà nínú rẹ̀. Pọ́ọ̀tù ilẹ̀ kan ní Ìbàdàn tí kò sí ilé lórí rẹ̀ ni ọkọ mi ní, nítorí náà kò pa wá lára. Ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ kì í san owó orí ilé, ìyẹn stamp duty, bí ilé náà kò bá kọjá £300,000. Ẹni tó ti ní ilé rí pàdánù àǹfààní yẹn. Bí ilé tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá sì tó £40,000, wọ́n á fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún owó orí náà. Lórí ilé £190,000, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ £10,800. Má purọ́ fún lọ́yà nípa rẹ̀.

Ilé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé àtijọ́ oníbíríkì pupa tó fara ti ẹlòmíràn lọ́tùn-ún lósì, irú èyí tó kún Bolton. Sáfíyọ̀ tó bá wa yẹ ilé náà wò gba £450, ó rí ọ̀rinrin lára ògiri ẹ̀yìn, a fi ìyẹn bẹ ẹni tó ń tà á títí ó fi já a sí £190,000. Wọ́n ní láti wádìí bóyá kòtò èédú wà lábẹ́ rẹ̀, torí pé wọ́n wa èédú káàkiri agbègbè yìí láyé àtijọ́. Ilẹ̀ abẹ́ ilé sì jẹ́ èyí tí wọ́n yá fún ọdún 999 láti ayé Ọbabìnrin Victoria. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, àmọ́ ó wọ́pọ̀ gan-an ní ìhà Manchester, ìṣákọ́lẹ̀ tí à ń san lé e lórí kò ju £3 lọ lọ́dún. Ilé tí ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ga sókè ni kí ẹ sá fún.

Báńkì yá wa ní £171,000 fún ọgbọ̀n ọdún. Èlé rẹ̀ jẹ́ 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì ní yí padà fún ọdún márùn-ún. £877 là ń san lóṣù. Kí ẹ mọ̀ pé nínú owó oṣù àkọ́kọ́, ó lé ní £650 tó jẹ́ èlé, nǹkan bíi £220 péré ló wọ inú gbèsè gan-an. Báńkì wa gbà ká san àfikún tó tó ìdámẹ́wàá gbèsè náà lọ́dún láìsí ìtanràn, ibẹ̀ ni owó iṣẹ́ òru mi ń lọ báyìí.

Alágbàtà náà gba £495, lọ́yà gba £1,750 pẹ̀lú gbogbo ìwádìí.

Ibi tó ti dùn mí: lẹ́yìn tí báńkì ti gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ mọ́ wa lọ́rùn pé ká ra ìdójútòfò ẹ̀mí tí òun mú wá. Ó sọ ọ́ bíi pé dandan ni. Ìdójútòfò ilé ni báńkì sọ di dandan fún wa, ti ẹ̀mí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dára fún ẹni tó bímọ. A ra ti ibòmíràn tó dín ní £14 lóṣù. Lórí ìwé ni mo ti rí i pé báńkì náà ń san owó fún un lórí mọ́géèjì wa. Kò burú, iṣẹ́ wọn ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ.

Èkejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Share code tí a fi ń fi físà wa han báńkì kì í lò ju 90 ọjọ́ lọ. Ti oṣù keje ló wà lọ́wọ́ wọn, ó sì kú ní oṣù kẹwàá. Báńkì kọ̀wé sí alágbàtà náà pé kí a mú tuntun wá. Ó wà ní ìsinmi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni lẹ́tà náà fi wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa, ẹni tó ń ta ilé sì ti ń sọ pé òun á dá a padà sọ́jà. Mi ò sùn lọ́jọ́ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Mo pe báńkì fúnra mi, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo fi rí kóòdù tuntun gbà. Alágbàtà náà tọrọ àforíjì, ó sì dá £100 padà fún wa nínú owó rẹ̀.

Ẹnì kan wà tí mi ò ní gbà nímọ̀ràn láti ṣe ohun tí a ṣe, ìyẹn ẹni tí kò dá a lójú pé ilé iṣẹ́ tó ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀ dúró ṣinṣin. Bí ilé iṣẹ́ bá pàdánù àṣẹ tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun, tí èèyàn ò sì tètè rí òmíràn, ó lè di dandan kó kúrò ní ìlú, gbèsè ilé á sì dúró sílẹ̀ níbẹ̀, owó ìtanràn á wà lórí títà á kí ọdún tí èlé kò fi ní yí padà tó pé. Mo rí i tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń ṣe ìtọ́jú àgbàlagbà. Èmi àti ọkọ mi fi owó oṣù mẹ́ta pamọ́ kí a tó fọwọ́ síwèé.

Oṣù kejìlá 2025 la gba kọ́kọ́rọ́. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún alágbàtà náà. Ní 2030, nígbà tí èlé wa bá fẹ́ yí padà, òun náà ni màá pè, ṣùgbọ́n ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó máa gbé fóònù lọ́jọ́ tó bá lọ ìsinmi.