Ṣẹ́ẹ̀tì Indiana Jones: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Nínú Mẹ́ta Yìí?

Ẹni tó bá fẹ́ múra bíi Indiana Jones, akọni inú fíìmù tí Harrison Ford ṣe, fìlà àti jákẹ́ẹ̀tì aláwọ ló máa ń kọ́kọ́ náwó lé. Ṣùgbọ́n tí ooru bá mú, tí ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù, ibẹ̀ gan-an ni àṣírí ti máa ń tú. Mo ti ra èyí tó jẹ́ owó pọ́ọ́kú, mo ti ra èyí tí wọ́n rán sílẹ̀ fún àwọn olólùfẹ́ fíìmù náà, mo sì ti gbé aṣọ fún télọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síra kí ẹ tó yọ owó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń wá. Deborah Nadoolman ló ṣètò aṣọ tí Harrison Ford wọ̀ nínú fíìmù àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní 1981. Ẹ̀wù sàfárì ni ṣẹ́ẹ̀tì yẹn: àpò méjì tó ní ìdérí wà láyà, àlẹ̀mọ́ bíi ti ṣọ́jà sì wà léjìká. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n rán mọ́ iwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Òkè àyà ni ọ̀já náà ti ń bọ̀, ó gba àárín àpò kọjá, ó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀wù. Bí kò bá ti sí ọ̀já yìí, kákí lásán lẹ rà.

Ibí yìí ni èyí tó jẹ́ owó pọ́ọ́kú ti kọ́kọ́ ń kùnà. Nínú èyí tí mo rà, ìdérí àpò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí àpò lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀já kò sí rárá. Àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ iwájú ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n rán mọ́ inú jákẹ́ẹ̀tì. Poliẹ́sítà ló pọ̀ nínú wọn, ó ń dán, ó sì ń mú ara gbóná. Fún òde alẹ́ kan, tàbí fún ọmọ tó ṣì ń dàgbà, ó tó bẹ́ẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí wọ́n rán fún àwọn olólùfẹ́ fíìmù yàtọ̀ pátápátá. Aṣọ òwú ni, ọ̀já rẹ̀ pé, àpò rẹ̀ ṣeé ki ọwọ́ bọ̀. Ẹ ní kí òǹtajà ya àwòrán àpò kan ní tòsí fún yín. Ẹ wo ibi tí ọ̀já ti wọ inú ìdérí, tó jáde sórí àpò, tó tún jáde nísàlẹ̀: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlà kan ṣoṣo. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ojú á máa rí i ṣáá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fọ aṣọ náà kí wọ́n tó gé e, nítorí òwú máa ń sún kì. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ pẹ̀lú, kó má baà máa fà yọ nínú ṣòkòtò nígbà tí ẹ bá gbé apá sókè.

Ti télọ̀ ló ń bá ara mu jù, òun náà ló sì ń gba sùúrù jù. Télọ̀ mi àkọ́kọ́ gé ọ̀já dúró sí etí àpò, ó rò pé àpò ti bò ó. A tú u, a tún un rán. Ẹ fọ aṣọ kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ mú àwòrán dání, kí ẹ sì fi ọwọ́ tọ ọ̀nà tí ọ̀já máa gbà fún un.

Ní ti àwọ̀, àríyànjiyàn kò tán: àwọn kan ní ó funfun díẹ̀, àwọn kan ní kákí ni. Eruku àti òógùn ti bo ẹ̀wù yẹn nínú fíìmù, nítorí náà ẹ má sanwó ńlá torí àwọ̀. Deborah Nadoolman fúnra rẹ̀ fi ọ̀bẹ àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ha jákẹ́ẹ̀tì tuntun kó lè dà bí ògbólógbòó. Ní ti ṣẹ́ẹ̀tì, tíì tó. Mo se tíì dúdú, mo rẹ ti télọ̀ sínú rẹ̀ fún wákàtí kan, ó sì jáde bí ohun tó ti rin aṣálẹ̀ já. Òwú ìránṣọ rẹ̀ nìkan ló kọ̀, ó funfun báláú lójú ìrán gbogbo, nítorí poliẹ́sítà ni télọ̀ fi rán an, poliẹ́sítà kì í sì í gba tíì. Ìdí nìyẹn tí ti owó pọ́ọ́kú kò fi ní àtúnṣe. Ẹ sọ fún télọ̀ yín pé òwú gidi ni kó fi rán an.

Bí ẹ kò bá ní télọ̀ tó ní sùúrù, ẹ ra ìkejì, èyí tí wọ́n rán fún àwọn olólùfẹ́ fíìmù. Ẹ wọ̀ ọ́ wò nínú ilé, ẹ gbé apá sókè, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ tó gbé tíì kaná. Kò sí òǹtajà tó máa gba ẹ̀wù tí ẹ ti rẹ.