Táàpù tó ń gé tẹ́ẹ̀dì páìpù: NPT, BSPT àbí BSPP, èwo ni kí ẹ rà?

Bí ẹ bá dé ọjà Dei-Dei ní Àbújá, tí ẹ ní ẹ fẹ́ ra táàpù háfù ínṣì, irin tí wọ́n fi ń gé eyín (tẹ́ẹ̀dì) sínú ihò, tí ọlọ́jà sì gbé ẹ̀rọ omi fún yín, ẹ má bínú sí i, orúkọ kan náà ni. Èyí tó léwu ni kó gbé táàpù bóòtì háfù ínṣì jáde, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 12.7 mm lọ. Táàpù páìpù háfù ínṣì fẹ̀ tó 21 mm, nítorí ihò inú páìpù ayé àtijọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ fi fítíńgì tó máa wọ ihò tí ẹ fẹ́ gé sápò kí ẹ tó kúrò nílé. Èmi kì í lọ sọ́jà láìmú ọ̀kan dání.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà gé eyín yìí. NPT ti Amẹ́ríkà: igun eyín rẹ̀ jẹ́ dígírì 60, orí rẹ̀ sì tín ju ìdí lọ. Ní gbogbo mílímítà 16, fífẹ̀ rẹ̀ ń yí padà ní mílímítà 1. BSPT ti Gẹ̀ẹ́sì náà tín bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àmọ́ dígírì 55 ni tirẹ̀. Ẹ lè rí Rc tàbí PT lára táàpù rẹ̀. BSPP kò tín rárá, bákan náà ló rí láti orí dé ìdí, lẹ́tà G ló sì máa ń wà lára rẹ̀.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti dun owó yín ni bí wọ́n ṣe ń dí omi tàbí afẹ́fẹ́. Àwọn méjì tó tín ń há sínú ara wọn bí ẹ ṣe ń fún wọn, tépù funfun á sì dí ìyókù. Ní ti BSPP, eyín kàn ń dì í mú ni. Wọ́ṣà tó wà lẹ́nu ihò ló ń dí i, nítorí náà ẹnu ihò gbọ́dọ̀ tẹ́jú dáadáa. Akọ BSPT (tí eyín rẹ̀ wà níta) lè wọ abo BSPP (tí eyín rẹ̀ wà nínú ihò) kí tépù sì gbà á. Ẹ má gbìyànjú òdìkejì rẹ̀: akọ BSPP nínú abo BSPT, jíjò ló máa jò.

Páìpù omi inú ilé wa níbí, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. NPT sábà máa ń bá ẹ̀rọ Amẹ́ríkà wọlé. Wàhálà wà ní háfù ínṣì àti 3/4, nítorí iye eyín NPT àti BSP (BSPT àti BSPP lápapọ̀) dọ́gba níbẹ̀:

| Ìwọ̀n | Eyín NPT nínú ínṣì 1 | Eyín BSP nínú ínṣì 1 | Ihò dírìlì fún NPT | Ihò dírìlì fún BSPP |
|---|---|---|---|---|
| 1/4 | 18 | 19 | 11.1 mm | 11.8 mm |
| 1/2 | 14 | 14 | 18.2 mm | 19.0 mm |
| 3/4 | 14 | 14 | 23.4 mm | 24.5 mm |

Mo ti jìyà ìlà kejì yẹn rí. Oníbàárà kan ní Kubwa tó ń fọ mọ́tò gbé búlọ́ọ̀kù àlùmíníọ̀mù wá, mo gé háfù NPT sí i, fáàfù tó fẹ́ fi sí i sì jẹ́ BSPT. Ó wọlé wẹ́rẹ́, mo ti ń gbowó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a da omi ọṣẹ sí i, ó ń hó ṣìì. A wé tépù, a tún wé e, a fún un títí apá fi ń dùn wá, ó ṣì ń fẹ́. Eyín onídígírì 60 àti onídígírì 55 kì í jókòó síra wọn, bí iye wọn tilẹ̀ dọ́gba. Mo fi owó ara mi ra búlọ́ọ̀kù mìíràn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra géèjì eyín, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé lé tẹ́ẹ̀dì láti wò bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín. Ẹ rà á kí ẹ tó ra táàpù.

Ní ti irin tí wọ́n fi ṣe é, ẹ wá HSS (high-speed steel, irin líle tí ooru gígé kì í tètè bà jẹ́) lára rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ gé irin líle tàbí sìtéńlẹ́ẹ̀sì. Èyí tó jẹ́ kábọ́ọ̀nù lásán lè ṣe é fún idẹ àti àlùmíníọ̀mù, bí ihò kò bá pọ̀. Táàpù tó tín máa ń wúwo lọ́wọ́ gan-an, torí gbogbo eyín rẹ̀ ló ń gé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi epo sí i, ẹ máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ kí irin gígé lè já. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ dé ìdí. Bí ẹ bá ti lè fi ọwọ́ yí fítíńgì wọlé bí ìgbà mẹ́rin kó tó há, ó tó. Bí ẹ bá kọjá bẹ́ẹ̀, fítíńgì á kàn máa wọlé lọ láìhá ni.

Ní Panteka ní Kaduna, ẹ lè rí àlòkù. Ẹ fi èékánná tọ eyín rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti ya níbì kankan, ẹ dá a padà fún Màlámù. Lójú tèmi, àlòkù HSS tí eyín rẹ̀ pé sàn ju tuntun tí wọn kò kọ nǹkan kan sí lára.

Bí ẹ bá jẹ́ púlọ́ńbà, BSPT háfù àti 3/4 ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ṣe, kó kọ́kọ́ fi géèjì wo 1/4 tó wà lára rẹ̀, torí mo ti rí NPT àti BSP lára ẹ̀rọ tó jọ ara wọn bí ìbejì. Táǹkì oníke kò nílò táàpù kankan, kọnẹ́kítọ̀ onínọ́ọ̀tì méjì ló ń lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin pẹlẹbẹ tó nípọn mílímítà 2: eyín háfù ínṣì kan jìnnà sí èkejì ní 1.8 mm, nítorí náà bóyá ni ẹ fi máa rí eyín kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn.