Káàdì tàbí chip: ibo ni kọ́kọ́rọ́ tẹlifíṣọ̀n olówó oṣù yóò wà?

Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí àwòrán, ìyẹn kóòdù àṣírí, máa ń yí padà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 síra wọn. Ìbéèrè fún ẹ̀yin ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni ibi tí dikódà yóò ti rí i: nínú káàdì tí oníbàárà ń kì bọ̀ ọ́, àbí nínú chip tó ti wà nínú dikódà fúnra rẹ̀.

Bí olè bá já ààbò káàdì, káàdì nìkan lẹ máa pààrọ̀. Àmọ́ ó ń náni lówó, kọ́kọ́rọ́ sì ń ti inú káàdì bọ́ sínú dikódà. Ojú ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti ń jí i pín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi tí ẹ bá so káàdì mọ́ dikódà kan ṣoṣo.

Chip kì í jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ jáde rárá, ó sì dínwó. Tí wọ́n bá já ààbò tirẹ̀, tí àtúnṣe sọ́fítíwíà kò sì ràn án, dikódà lódindi ló lọ yẹn!

Dikódà àtijọ́ pọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà yín? Káàdì. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pín dikódà tuntun? Chip ni èmi á mú.